Ẹ Jẹ́ Kí Iṣin Là Fúnra Rẹ̀

Igi iṣin kan wà lẹ́yìn ilé tí a gbé dàgbà ní Ẹgbẹ́dá. Nígbà yẹn, ilé ò tíì fún mọ́ra tó báyìí láti Akọ̀wọ́njọ títí dé Ìdímù, igi ṣì ń rí ibi dúró sí. Bí iṣin bá so, tí èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ojú gbogbo àwa ọmọdé inú ilé á kúrò lára bọ́ọ̀lù, á di ara igi. Ṣùgbọ́n Màmá onílé ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ òkò sí i. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá là fúnra rẹ̀, ti iwin ni. Ẹni tó bá já a jẹ, iwin á bá a délé lóru."

A bẹ̀rù iwin, a ò sọ òkò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣá, a óò jí, a óò rí i pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti yanu lórí igi, tí hóró dúdú tó ń dán bíi bàtà tuntun ń yọjú níbẹ̀. Màmá á fi ọ̀pá gígùn já wọn. Wọ́n á yọ hóró dànù, wọ́n á fi èékánná yọ nǹkan pupa tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹran èso náà, wọ́n á wá máa pín in fún wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pín in, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ta ni ò tíì jẹun àárọ̀ níbí? Kó lọ jẹun ná." Lójú tiwa, ahun ni wọ́n. A rò pé wọ́n fẹ́ ká yó kí iṣin lè ṣẹ́ kù fún wọn ni.

Màmá ti di ará ọ̀run, igi náà ò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. A ti gbàgbé iṣin pátápátá, àfi lọ́jọ́ tí ẹnì kan fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Orúkọ èso ilẹ̀ olóoru mẹ́wàá ló kọ síbẹ̀, ó ní wọ́n kún fún antioxidant, ó ní wọ́n ń lé jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń dá ọjọ́ ogbó dúró. Agbálùmọ̀ wà níbẹ̀, ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀, iṣin náà wà níbẹ̀. Ó wá fi kún un pé èyí tí kò tíì pọ́n ló lágbára jù, pé ká máa jẹ ẹ́ ní tútù láàárọ̀ kí oúnjẹ tó kan ẹnu wa.

A kà á lẹ́ẹ̀mejì, ara wa bù máṣọ. Tí ẹnì kan bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn pẹ̀lú iṣin, ó lè má rí ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ìtàn yìí.

Kí ni wọ́n ń pè ní antioxidant?

Ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ẹ gé e, ẹ gbé e kalẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi dúdú. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń bá a jà. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti irin tó ń dípẹtà. Ẹ gé òmíràn, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ẹ máa rí i pé kò ní tètè dúdú. Nǹkan tó wà nínú omi ọsàn yẹn, tó gba ìjà ọ̀gẹ̀dẹ̀ jà, ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Fítámì C jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àwa náà lójoojúmọ́, ara wa sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà jà á. Èso máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ìtàn rẹ̀ ò kéré. Ní 1747, dókítà ọkọ̀ ojú omi kan, James Lind, mú atukọ̀ 12 tí eyín wọn ń mì, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́rìgì wọn, ó pín wọn sí méjì méjì, ó fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nǹkan ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tí ọsàn àti òróǹbó kàn ló kọ́kọ́ dìde. Nígbà tó di 1928, Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì, yọ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Òun la wá mọ̀ sí fítámì C, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Nílé wa níhìn-ín, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní eleagnine láti inú agbálùmọ̀, wọ́n sì dán an wò bóyá ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe irọ́ pé èso ń ṣe ara lóore.

Ibi tí irọ́ ti wọ ọ́ ni ibi tí àwọn èèyàn ti rò pé bó bá ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló máa dára sí i. Nílẹ̀ Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tí wọ́n ń mu sìgá jọ, wọ́n ń fún àwọn kan nínú wọn ní beta-carotene lójoojúmọ́ fún ọdún bíi márùn-ún sí mẹ́jọ. Beta-carotene yìí wà lára ohun tó ń fún máńgòrò àti ìbẹ́pẹ ní àwọ̀ wọn. Ìrètí wọn ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa dínkù. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1994, ṣe ló fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gbé e mì. Nǹkan tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi nínú ìbẹ́pẹ di nǹkan mìíràn nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde, tí wọ́n sọ ọ́ di oògùn oníhóró. Ní 2012, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà yọ àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn agbára antioxidant inú oúnjẹ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé àwọn ọlọ́jà ń fi nọ́ńbà rẹ̀ tan àwọn èèyàn jẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó sọ pé èso kan ní antioxidant, ẹ má tíì dúró síbẹ̀. Ẹ bèèrè ohun mìíràn tó tún wà nínú èso ọ̀hún.

Ìrìnàjò iṣin

Ilẹ̀ wa, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni iṣin ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará ibí mọ̀ ọ́n látìgbà ìwáṣẹ̀: wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀ tó ti là, wọ́n sì ń lo èyí tí kò tíì pọ́n fún nǹkan mìíràn tí kì í ṣe jíjẹ. Bí wọ́n bá po èso tútù rẹ̀ mọ́ omi, ó máa ń hó bí ọṣẹ, wọ́n á fi fọṣọ. Wọ́n á gún un, wọ́n á dà á sódò láti fi pa ẹja. Ẹ wò ó dáadáa: èso kan náà ni oúnjẹ, òun náà ni oró ẹja. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ò ju àsìkò lọ.

Ní 1778, iṣin dé Jàmáíkà. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti etíkun wa ló gbé e débẹ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Clarke sì ra irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, ackee, inú èdè àwọn Akan ní Gánà ló ti wá. Ní 1793, ọ̀gákọ̀ William Bligh gbé e láti Jàmáíkà lọ sí ọgbà ọba tó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bligh yìí náà ni àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1789, tí wọ́n sì lé e sínú ọkọ̀ kékeré lórí agbami. Ní 1806, wọ́n fún iṣin ní orúkọ tí gbogbo onímọ̀ ń pè é lágbàáyé: Blighia sapida. "Sapida" ń sọ pé ó dùn lẹ́nu. "Blighia" ń bọlá fún Bligh. Àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá Bligh ò sí nínú orúkọ yẹn rárá.

Jàmáíkà gba iṣin tọwọ́tẹsẹ̀. Òun ni èso orílẹ̀-èdè wọn lónìí, iṣin tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ sì ni oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn àgbà ibẹ̀ náà ní òfin tiwọn, èyí tó jọ ti Màmá onílé: ó gbọ́dọ̀ yanu fúnra rẹ̀ lórí igi. Wọ́n á yọ hóró, wọ́n á yọ nǹkan pupa, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sì da omi rẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ebi ń jẹ́ kí èèyàn pa òfin mọ́. Lọ́dọọdún, nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, pàápàá láti bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, àìsàn kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní Jàmáíkà. Ọmọ tára rẹ̀ le lálẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárọ̀, á sùn, gìrì á mú un, á kú. Àìsàn èébì Jàmáíkà ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n fojú bù ú pé láti 1886 sí 1950, ó pa tó 5,000 èèyàn. Àwọn kan ní ibà ni. Ní 1916, dókítà H. H. Scott tọ́ka sí iṣin tí kò tíì gbó. Ó sì tó 1954 kí Cedric Hassall àti Kathleen Reyle, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì tó wà ní Mona, Jàmáíkà, tó kéde pé àwọn ti rí oró náà mú. Hypoglycin ni wọ́n pè é. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Ìwọ̀nba ṣúgà ni ara wa ń tọ́jú sínú ẹ̀dọ̀. Bí a bá sùn lóru láìjẹun, díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn á tán, ara á wá yíjú sí ọ̀rá, á máa jó o bí epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí NEPA bá múná lọ. Hypoglycin ló ń wá dí ọ̀nà epo yẹn. NEPA ò sí, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, òkùnkùn á bo ọpọlọ. Ọmọ kékeré ló máa ń kọ́kọ́ kan, torí ṣúgà tó wà nílẹ̀ fún un ò tó ti àgbà. Èyí tí ò sì jẹun sùn ló burú jù fún.

Nínú iṣin tútù, oró yìí lè ju mílígíráàmù 1,000 lọ nínú kílò kan. Bó ṣe ń gbó lórí igi, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀, nígbà tó bá fi máa là, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹran rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í kúrò nínú hóró àti nǹkan pupa. Láti 1973, Amẹ́ríkà ò gbà kí iṣin wọ ilẹ̀ wọn. Ọdún 2000 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ti inú agolo, èyí tó bá ti iléeṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò wá. Òfin wọn ni pé oró inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 100 lọ nínú kílò kan.

Ìtàn àná kọ́ lèyí o

Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Burkina Faso, ọmọdé 29 tí wọ́n wà láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà kú. Èébì, gìrì, ikú, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Nígbà tí àwọn oníwádìí dé ibẹ̀, iṣin tí kò gbó ni ẹsẹ̀ wọn tọ̀ dé. Ilẹ̀ tí iṣin ti ṣẹ̀ wá nìyẹn o, tí ìmọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbà. 

Bí iṣin ṣe rí lọ́dọ̀ wa ni lychee ṣe rí ní Íńdíà. Ẹbí kan náà ni igi méjèèjì. Ní agbègbè Muzaffarpur, lásìkò tí lychee bá pọ́n, àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ gìrì ní ìdájí. Lọ́dún 2014 nìkan, 390 ọmọ dé ilé ìwòsàn ńlá méjì tó wà níbẹ̀, 122 nínú wọn kú. Ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé hypoglycin àti ìbátan rẹ̀ kan wà nínú lychee, pé àwọn ọmọ tó jẹ ẹ́ tí wọn ò sì jẹ oúnjẹ alẹ́ ló wà nínú ewu jù. Lára ìmọ̀ràn tí àwọn oníwádìí mú wá nìyí: ẹ dín lychee ọmọ kù, ẹ sì rí i pé ọmọ jẹun alẹ́.

Nígbà tí a ka ìyẹn, a rántí Màmá onílé. "Ta ni ò tíì jẹun àárọ̀ níbí?" Àwa tí à ń pe Màmá ní ahun.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ń ṣe, a máa ń bá ìlà kóòdù kan pàdé tí ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò níbi iṣẹ́, tí kò sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tuntun á dé, á ní kí lèyí ń ṣe níbí, á pa á rẹ́. Kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí gbogbo nǹkan á fi dẹnu kọlẹ̀. Irú ìlà kóòdù bẹ́ẹ̀ ni iwin Màmá. Kò sí iwin lórí igi yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa òfin iwin mọ́ ò ní jẹ hypoglycin. Àwa tí a ti lajú la pa ìlà yẹn rẹ́.

Kábáàdì inú ọjà

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ló kàn wá? Iṣin mélòó ló kù ní Ẹgbẹ́dá?" Òótọ́ ni, wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú tó ń já iṣin tútù ti bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò wọ ọjà.

Ní 1901, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Dimitry Neljubow, fi hàn pé gáàsì kan tó ń jẹ́ ethylene, tó wà nínú gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná, ń da ìdàgbà ewéko rú. Ní 1934, Richard Gane fi hàn pé èso fúnra rẹ̀ máa ń tú gáàsì yìí jáde bó bá ń pọ́n. Gáàsì yìí ni èso fi ń sọ fún ara rẹ̀, àti fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé àsìkò ti tó. Nítorí náà, ìyá tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò, tó fi èyí tó ti pọ́n sáàárín, tó sì dì í lẹ́nu pa, ti ń lo ethylene kí wọ́n tó bí Gane.

Kábáàdì ní ìtàn tirẹ̀. Láti 1892, nígbà tí Thomas Willson rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní Amẹ́ríkà, ó ti rìn káyé. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọdẹ tó ń ṣọdẹ òru fi sínú àtùpà tí wọ́n ń dè mọ́rí. Àwọn jórinjórin fi ń jó irin. Bí omi bá ti kàn án, á tú gáàsì acetylene jáde, tó jọ ethylene débi pé èso ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹni kan ló wá ronú pé, bí wọ́n bá di í sínú bébà, tí wọ́n fi sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, ilẹ̀ máa mọ́ bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n.

Pípọ́n lóòótọ́, àmọ́ èèpo ló máa ń pọ́n jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ á yọ́ yẹ́lò láti òkè délẹ̀, inú á le, adùn ò ní sí. Èyí tó tún burú ni pé kábáàdì tí wọ́n ń tà fún jíjó irin kì í mọ́: arsenic àti phosphorus máa ń wà nínú rẹ̀, oró sì làwọn méjèèjì. NAFDAC ti fòfin de lílo rẹ̀ fún èso, wọ́n sì ti kìlọ̀ láìmọye ìgbà.

A ò ní bú ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìkọ̀tún o. Ẹrù tó rin ọ̀nà Oǹdó tàbí Ẹdó dé Èkó, owó ọkọ̀, owó àjọ, owó ìsọ̀, gbogbo rẹ̀ ń retí kí ó tà lónìí. Àwa oníbàárà náà sì ń kọjá lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, a ní èyí tó pọ́n la fẹ́. Àwa la ń kán an lójú. Bí a bá ra tútù, tí a gbé e sílé fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú èyí tó ti pọ́n nínú àpò, kábáàdì ò ní níṣẹ́ kankan láàárín àwa àti òun.

Ohun tí a kọ padà

A dáhùn iṣẹ́ WhatsApp yẹn. Ohun tí a kọ nìyí, ẹ lè fi ránṣẹ́ síwájú:

Iṣin tí kò bá là fúnra rẹ̀ lórí igi, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fi ọwọ́ là á. Hóró dúdú àti nǹkan pupa kì í ṣe oúnjẹ láé. Ẹ bọ ẹran rẹ̀, ẹ da omi náà nù. Ẹ má fún ọmọ tí ebi ń pa. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí tó ń tòògbé lódìlódì, ẹ má dúró wo àgbo, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, ẹ sì sọ fún dókítà pé iṣin ló jẹ. Àgbálùmọ̀, ìbẹ́pẹ, ọsàn, máńgòrò, ẹ máa jẹ wọ́n bí èso, lásìkò wọn. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ló kọ́kọ́ fèsì. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rántí Màmá onílé?" Gbogbo wa la rántí. Ẹnì kan bèèrè bóyá iwin ṣì wà níbi tí igi yẹn wà tẹ́lẹ̀. A ní ó wà o, ẹ má ṣe sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí, àfi tí ẹ bá máa jókòó ti wọn, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.